Ọjà orí omi wà nítòsí Cotonou: Ẹ ná ọjà kí ẹ tó ya fọ́tò

Láti pápákọ̀ òfurufú Cadjèhoun ní Cotonou, èèyàn lè wọ bàálù lọ sí ibi tó bá wù ú láyé. Àwọn kan nínú wa ń gba ibẹ̀ lọ kó ọjà ní Dubai àti China. Àwọn mìíràn tí ọwọ́ wọn tó o ń bá a dé Táílàǹdì lọ ṣe fàájì. Bí wọ́n bá dé Táílàǹdì, wọn kì í gbàgbé láti fi fọ́tò ọjà orí omi ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp: àwọn obìnrin jókòó sínú ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, èso kún iwájú wọn, akẹtẹ̀ ńlá wà lórí wọn. Ẹni tó bá rí i nílé a ní, "Ọlọ́run ò! Ṣé báyìí ni wọ́n ń nájà níbòmíràn?"

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ọjà orí omi kan wà tí kò jìnnà sí pápákọ̀ Cadjèhoun yẹn rárá. Ganvié ni orúkọ ìlú náà. Orí ọ̀sà Nokoué ló wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Sô-Ava. Àwọn Tofínù, tí wọ́n bá Ẹ̀gùn àti Fọ̀n tan, ló ni ín. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, inú ọkọ̀ ni wọ́n sì ti ń tajà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe abúlé ẹlẹ́ni mẹ́wàá.

Èrò mi ni pé ó yẹ kí a máa lọ síbẹ̀, pàápàá jù lọ àwa oníṣòwò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń lọ kù díẹ̀ káàtó. À ń lọ bí ẹni lọ wòran. Ọjà ni ọjà Ganvié, kì í ṣe ìran. Ẹni tó dé ọjà ọlọ́jà, tó ya fọ́tò títí ọwọ́ fi ń ro ó, tí kò ra ohunkóhun, tó sì padà sílé, kí ni a ó pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe ń débẹ̀, torí ẹlòmíràn rò pé ó le. Ẹni tó bá wà ní Cadjèhoun yóò wọ takisí tàbí zémíjàn, ìyẹn alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní ọ̀kadà ní Nàìjíríà, yóò gba ọ̀nà Godomey lọ sí Abomey-Calavi. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 20 lọ, ṣùgbọ́n súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ lè mú kó pẹ́. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ yóò gba ẹnubodè Sèmè, yóò sì la Cotonou kọjá. Ní Calavi, ẹ ní kí wọ́n gbé yín dé èbúté tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Ganvié. Ẹ ó rí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, ẹ ó sì rí èyí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù. Ti ẹlẹ́ńjìnnì lè débẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ti alájẹ̀ máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ara a máa balẹ̀ nínú rẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí oòrùn tó mú. Ẹ béèrè iye owó kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀: ṣé àlọ àti àbọ̀ ni? Ṣé owó ẹni tó máa mú yín káàkiri wà nínú rẹ̀? Àárín omi kọ́ ni a ti ń bá ọlọ́kọ̀ jà. Ẹ béèrè ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ẹ sì wọ̀ ọ́, àgàgà bí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ kó owó sẹ́fà wẹ́wẹ́ dání, torí ìyá tó ń ta ata nínú ọkọ̀ lè má ní ṣéńjì owó ńlá.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kò ní rí ṣọ́ọ̀bù tò lọ bíi ti Dantokpa. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìsọ̀. Ìyá kan kó tòmátì àti ata, èkejì kó búrẹ́dì, ẹ̀kẹta ń ta oúnjẹ gbígbóná, ẹlòmíràn kó ọṣẹ tàbí igi ìdáná. Omi mímu pàápàá di ohun tí à ń fi ọkọ̀ pọn, torí omi ọ̀sà kò ṣeé mu. Àwọn ọkùnrin ń pẹja. Wọ́n tún ń ri ẹ̀ka igi mọ́ inú ọ̀sà, àkájà ni wọ́n ń pè é, kí ẹja lè rí ibi sá sí kí ó sì máa bí sí i. Àwọn obìnrin ló ń gba ẹja náà, wọ́n ń yan án, wọ́n ń kó o lọ tà ní Calavi àti Dantokpa. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ ẹja yíyan ní Cadjèhoun lè ti máa bá Ganvié ṣòwò tipẹ́ láìmọ̀.

Kí ló wá dé tí èèyàn fi máa fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ kọ́lé sórí omi? Òwò ẹrú ló fà á. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìkejìdínlógún, àwọn ọmọ ogun ń kó èèyàn lẹ́rú láti tà fún òyìnbó létí òkun. Ìtàn tí àwọn Tofínù ń sọ ni pé èèwọ̀ ni fún àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì láti jà lórí omi, ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá wọn fi sá wọ inú ọ̀sà. Orúkọ Ganvié fúnra rẹ̀ ń sọ nípa àwùjọ tó yè bọ́. Kí àwa Yorùbá má sì ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Ọ̀yọ́ náà kó ẹrú gba Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lónìí, lọ tà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di ọjà ló di ọlọ́jà. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà wọ́n, wọ́n wá dá ọjà tiwọn sílẹ̀ lórí omi, àwọn ọmọ wọn sì ń ná an títí dòní. Bí a bá wá dé ibẹ̀, tí a gbé fóònù sókè, tí a ń ya ojú wọn àti ti ọmọ wọn lọ bí ẹni ń wo ẹrù lórí àtẹ, a tún fẹ́ sọ wọ́n di ọjà nìyẹn.

Inú wọn kò sì dùn sí i. Ọ̀pọ̀ ìyá níbẹ̀ máa ń fi akẹtẹ̀ bojú bí wọ́n bá rí kámẹ́rà. Ẹ̀yin ìyá wa ní Dantokpa, ní Bódìjà, ní Kétu àti ní Pobè, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ro ara yín wò. Bí àlejò kan bá dé iwájú ìsọ̀ yín, tí kò kí yín, tí kò béèrè èló ni, tó kàn na fóònù sí yín lójú, tó tún ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé kó wá wo bí ẹ ṣe jókòó, ṣé ẹ ó rẹ́rìn-ín sí i? Ariwo tí ẹ máa pa mọ́ ọn, gbogbo ọjà ló máa gbọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ṣebí owó àlejò ń wọlé fún wọn?" Òótọ́ ni. Àwọn ọlọ́kọ̀ ń jẹ nídìí rẹ̀, àwọn afinimọ̀nà ń jẹ, àwọn onílé ìtura àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ń jẹ. Mi ò sọ pé kí àlejò má lọ. Ìbéèrè tèmi ni pé, èló ló dé ọwọ́ ìyá tí a ya fọ́tò rẹ̀? Owó ọkọ̀ ti dúró sí èbúté. Owó afinimọ̀nà wà lápò afinimọ̀nà. Bí a kò bá ra ata tàbí ẹja lọ́wọ́ ìyá yẹn, kọ́bọ̀ kò kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo Táílàǹdì náà. Ọjà orí omi kan tó lókìkí gan-an níbẹ̀ ni Damnoen Saduak, ní ẹkùn Ratchaburi, nǹkan bí kìlómítà 100 sí Bangkok. Ọba wọn, Rama kẹrin, ló ní kí wọ́n gbẹ́ ipa omi tó gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1866, wọ́n parí rẹ̀ ní 1868, kí ó lè so odò ńlá méjì pọ̀ kí ẹrù lè máa kọjá. Òwò ló bí ọjà náà. Nígbà tó yá, ọ̀nà títì dé, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í nájà lórí ilẹ̀. Lónìí, àlejò ló kún ibẹ̀, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà sì ni ohun ìrántí tí àlejò ń rà lọ sílé. Owó ń wọlé, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ọjà tó gbójú lé àlejò nìkan, ọjọ́ tí àlejò kò bá wá ni ebi dé. Ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dá bàálù dúró, gbogbo ibi tó ń jẹun lọ́wọ́ àlejò ló mọ̀ ọ́n lára.

Àwa náà ní àpẹẹrẹ tiwa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ẹjìnrìn nítòsí Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọjà ńlá etí ọ̀sà. Ọkọ̀ ojú omi ń kó ẹrù Èkó wá síbẹ̀, àwọn ará Ìjẹ̀bú ń kó irè oko wá. Nígbà tí reluwé àti ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ gba òwò mọ́ ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́, ọjà náà rọ. Ogun kọ́ ló tú u ká. Oníbàárà ló gba ọ̀nà mìíràn.

Èyí tó tún burú jù ti Ẹjìnrìn lọ ṣẹlẹ̀ ní Mákòókó, ní Èkó. Orí òpó igi ni àwọn náà ń gbé, Ẹ̀gùn sì ni ọ̀pọ̀ wọn, tí ìran wọn ti Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Benin wá. Ẹja yíyan wọn ń bọ́ Èkó. Àwọn onífọ́tò láti ìlú òyìnbó ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́. Síbẹ̀, ní oṣù Keje 2012, ìjọba fún àwọn kan nínú wọn ní wákàtí 72 péré láti kó jáde, wọ́n sì wó ilé wọn. Gbogbo fọ́tò yẹn kò dá katakata ìwólé dúró. Ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí à ń jẹ ẹja rẹ̀, tí a jọ ń ṣe àwìn, tí a jọ ń san gbèsè, bí wọ́n bá fẹ́ lé e, ohùn wa yóò jáde. Ẹni tí a kàn mọ̀ sí àwòrán, bó lọ bó dúró, ta ni yóò béèrè rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Bí ẹ bá lọ sí Ganvié, ẹ lọ bí oníbàárà. Ẹ kí wọn. Èdè kò ní dí yín lọ́nà jìnnà, àwọn èèyàn agbègbè yẹn náà ń sọ "kúàbọ̀" bíi tiwa. Ẹ ná ọjà bí ẹ ṣe ń ná an nílé, kí ẹ gba ènì bó bá ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ná an dé ibi tí èrè ìyá ọlọ́jà yóò fi di òfo. Ẹ ra ẹja yíyan tí ẹ lè tún tà, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ lè tún padà wá. Lẹ́yìn tí ẹ bá rajà tán, bí fọ́tò bá wù yín, ẹ tọrọ àyè. Bó bá ní rárá, rárá ni.

Ti ìjọba náà wà lọ́tọ̀. Láti 1996 ni orúkọ Ganvié ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí ilẹ̀ Benin fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé sí àjogúnbá ayé. Ìjọba sì ti gbé iṣẹ́ àtúnṣe kalẹ̀ níbẹ̀ kí àlejò lè pọ̀ sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ owó èbúté. Kí omi tó ṣeé mu, ilé ìyàgbẹ́ àti ibi tí à ń da ìdọ̀tí sí ṣáájú ilé ìtura. Kí ọ̀nà omi tí ọlọ́jà ń gbà kọjá má di ti ọkọ̀ àlejò nìkan.

Oníbàárà ló ń mú ọjà dúró. Àwọn baba ńlá àwọn èèyàn yìí fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n má baà tà wọ́n. Ohun tó kéré jù tí a lè ṣe fún àwọn ọmọ wọn ni kí a ra ohun tí wọ́n ń tà.