Ilé Gíga Nílò Arọ́kin Tirẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, wọ́n ti gáàsì pa ní ilé gíga mẹ́rin ní Ledbury Estate, lẹ́bàá Old Kent Road, ní Peckham wa níbí. Fúláàtì 224 ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá tó fẹ́ se ẹ̀wà ò rí iná gáàsì tàn mọ́, ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ò rí omi gbígbóná. Kì í sì í ṣe pé gáàsì ń jò o. Ohun tó fà á ni pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n ti fún àwọn ilé náà lókun tó láti fara dà á bí gáàsì bá bú gbàmù. Bẹ́ẹ̀, ó ti lé ní ogójì ọdún tó yẹ kí ìdáhùn ìbéèrè yẹn ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 1968, obìnrin kan tó ń gbé ní àjà kejìdínlógún Ronan Point, ní Canning Town ní ìlà-oòrùn London, ṣáná sí sítóòfù láàárọ̀ kùtù kó lè se tíì. Gáàsì ti jò sínú ilé. Ó bú gbàmù, ó ti ògiri síta, igun kan ilé náà sì ya lulẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èèyàn mẹ́rin kú. Ilé alájà méjìlélógún ni, tuntun kíníkíní. Pánẹ́ẹ̀lì kọnkéré ńláńlá tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá, tí wọ́n sì tò léra bí ẹni to páálí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ní kí wọ́n yẹ gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n fún oríkèé wọn lókun, tàbí kí wọ́n yọ gáàsì kúrò níbẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ledbury. Lẹ́yìn iná Grenfell tó pa èèyàn 72 ní oṣù kẹfà ọdún 2017, àwọn ayálégbé Ledbury ò dákẹ́ mọ́ nípa ògiri tó ń sán nínú fúláàtì wọn. Èrò káńsù ni pé wọ́n ti fún àwọn ilé náà lókun tipẹ́. Àwọn ẹnjiníà wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà wáyé. Nígbà tó yá, ní 2021, àwọn ayálégbé dìbò pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n tún un kọ́.

Ṣé ẹ ń bá mi bọ̀? Ilé wà níbẹ̀ lójú gbogbo ayé, ìrántí ilé ni ò sí. Bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn: ẹni tó mọ̀ á fẹ̀yìn tì, ọ́fíìsì á kó lọ síbòmíràn, fáìlì á bá páálí lọ. Kódà GLC, ìjọba ńlá tó kọ́ ọ̀pọ̀ ilé gíga London, wọ́n pa á rẹ́ ní 1986. Àwọn ilé tó kọ́ ṣì ń bẹ, èèyàn ṣì ń sùn nínú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ BIM ti wọlé nìyí. Tí wọ́n bá dárúkọ BIM, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni àwòrán ilé aláràbarà tó ń yí lójú kọ̀ǹpútà. Àwòrán yẹn kọ́ ni iṣẹ́ o. Iṣẹ́ wà lẹ́yìn àwòrán. Tí ẹ bá tẹ ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀, ó yẹ kó sọ ẹni tó ṣe é fún yín, ọjọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀, ìṣẹ́jú mélòó ló lè fi dá iná dúró, àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù, lífítì, fèrèsé, àti pánẹ́ẹ̀lì ara ògiri. Àwòṣe ilé ni mo máa pè é níbí, ká lè jọ mọ ohun tí à ń sọ. Láti 2011 ni ìjọba Westminster ti sọ pé, tó bá fi máa di 2016, iṣẹ́ ìkọ́lé tó bá ń ti àpò òun jáde gbọ́dọ̀ máa lò ó. Nítorí náà kì í ṣe nǹkan àná.

Síbẹ̀, èmi ò sí lára àwọn tó kàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ibi tó ti ṣiṣẹ́ jù ni ibi ìkọ́lé. Ó ń jẹ́ kí ẹni tó ń fa páìpù àti ẹni tó ń to irin mọ̀ pé ọ̀nà wọn á pàdé, kí ẹnikẹ́ni tó dá ihò sára ògiri. Owó ni yẹn fún kọntirakítọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n bá fa kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́, wọ́n á fún un ní fáìlì ńlá kan, ó parí. Ẹ rò ó wò: ọdún méjì mẹ́ta la fi ń kọ́ ilé, ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ la fi ń gbé inú rẹ̀. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ ìṣílé, tó bá fi máa di ọdún mẹ́wàá, irọ́ lá máa pa, torí ilé ti yí padà, òun ò yí padà. Irọ́ inú kọ̀ǹpútà sì burú ju àìmọ̀ lọ, torí èèyàn á gbà á gbọ́.

Láàfin Ọ̀yọ́, arọ́kin ló ń rántí: ọba tó jẹ, ogun tó jà, ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé ta ni. Kì í ṣe ìtàn tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n wá tì mọ́ inú àpótí. Bí ọba tuntun bá jẹ, arọ́kin á fi tirẹ̀ kún un. Ipò ni, iṣẹ́ ni, ẹni tó ń ṣe é sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Ohun tí ilé gíga ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Sọ́fítíwíà ò wọ́n lónìí, ẹni tí wọ́n á gbà síṣẹ́ láti máa jókòó tì í, láti máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ fèrèsé kan, òun ló wọ́n.

Ẹ má sì rò pé ìwé lásán ni mo ń sọ. Ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 2009, iná jó ní Lakanal House, ilé alájà mẹ́rìnlá ní Camberwell, ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Peckham. Tẹlifíṣọ̀n kan ní àjà kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta àti ọmọdé mẹ́ta kú. Ìwádìí ikú wọn tó parí ní 2013 fi hàn pé àwọn pánẹ́ẹ̀lì abẹ́ fèrèsé, tí wọ́n gbé síbẹ̀ nígbà àtúnṣe ọdún 2006 sí 2007, ò lè dá iná dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyẹn nìkan kọ́. Fúláàtì ibẹ̀ jẹ́ oníàjà méjì, wọ́n wọnú ara wọn, wọ́n sì ní báńkónì téèyàn lè gbà sá jáde. Àwọn panápaná tó débẹ̀ ò mọ bí ilé náà ṣe tò. Wọ́n sì ń sọ fún àwọn tó pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n dúró sínú ilé. Ní 2017, káńsù Southwark gbà pé òun jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ sì ní kó san ìtanràn £270,000 pẹ̀lú £300,000 owó ẹjọ́.

Kí ni wọ́n fi ṣe ara ògiri? Báwo ni àwọn yàrá ṣe tò? Ìbéèrè méjì péré. Àwòṣe tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa á dáhùn méjèèjì kí ọkọ̀ panápaná tó dé ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn Grenfell ni Judith Hackitt kọ ìjábọ̀ rẹ̀ tó jáde ní 2018. Ó ní ilé gíga kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tó pè ní golden thread, òwú wúrà kan tó so ìmọ̀ nípa ilé pọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ dé ọjọ́ tí wọ́n á wó o. Òfin ààbò ilé ti ọdún 2022 wá sọ ọ́ di dandan: orí kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ wà, onílé ló sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, òfin mìíràn tún ní kí onílé gíga fi àwòrán àjà ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí panápaná lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó bá ga tó mítà 18, tàbí tó ní àjà méje, ni òfin òwú wúrà mú. Ẹ wá rìn láti Rye Lane dé Queens Road, kí ẹ máa ka àjà. Ọ̀pọ̀ ilé tí àwa ń gbé ò ju àjà mẹ́rin márùn-ún lọ, àwọn mìíràn wà lókè ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ti là sí yàrá wẹ́wẹ́. Ṣé iná mọ iye àjà ni?

Wọ́n á ní owó dà. Mo gbọ́. Ilé àtijọ́ ò ní àwòrán tó péye, ẹ̀rọ lésà tó ń wọn ilé látòkè délẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àmọ́ ta ló ní dandan ni kó jẹ́ aláràbarà? Tábìlì lásán lórí kọ̀ǹpútà, tó ní nọ́ńbà ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹnì kan ń tọ́jú, sàn ju àwòrán olówó ńlá tó ti ń sùn. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní gbà ni kí wọ́n fi pamọ́ sínú irú fáìlì tó jẹ́ pé sọ́fítíwíà ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lè ṣí i. Ilé iṣẹ́ á wọlé, ilé gbígbé á kù. Irú fáìlì tí gbogbo ayé lè ṣí wà, IFC ni wọ́n ń pè é. Kí àwọn káńsù kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun làwọn fẹ́.

Kí ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ń tún nǹkan ṣe náà sì lè kọ nǹkan sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ní London yìí, ọmọ wa ni. Àwọn ló kọ́kọ́ ń rí i pé ilẹ̀kùn iná ò pa dé mọ́. Wọ́n á sọ fún máníjà, máníjà á ní òun ti gbọ́, ọ̀rọ̀ á kú síbẹ̀. Ká ní wọ́n lè fi fóònù wọn ya ilẹ̀kùn yẹn, kó wọnú àwòṣe pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, kò ní sí ẹni tó lè ní òun ò mọ̀.

Nílé lọ́hùn-ún náà, ẹ rántí ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Gerrard Road, Ikoyi, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ó lé ní ogójì èèyàn tó kú. Bí wọ́n ṣe ń wú òkú jáde, òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní àjà 15 ni wọ́n fọwọ́ sí, igbákejì gómìnà ní rárá o, àjà 21 ni. Ìjọba kan náà, ilé kan náà! Àkọsílẹ̀ kan tí gbogbo ará ìlú lè ṣí wò kì bá ti jẹ́ kí irú àríyànjiyàn yẹn wáyé, kódà nígbà tí ilé náà ṣì ń ga sókè.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà kí àwòṣe ilé jẹ́ ti onílé nìkan. Bí ilé yín bá wọnú ẹ̀ka tí òfin 2022 mú, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìmọ̀ nípa ààbò rẹ̀, onílé ò sì lè kàn kọ̀ ọ́. Kódà bí ilé yín ò bá ga tó bẹ́ẹ̀, tó bá ti ju mítà 11 lọ, ó yẹ kí wọ́n máa sapá láti yẹ ilẹ̀kùn fúláàtì yín wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n sì yẹ àwọn ilẹ̀kùn iná tí gbogbo yín jọ ń lò wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ní ìpàdé ayálégbé tó ń bọ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n yẹ tiyín wò kẹ́yìn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn yín.