Bí Kò Bá Nídìí, Obìnrin Kì í Jẹ́ Kúmólú

Orúkọ ọkùnrin ni Kúmólú. Ilé tí ikú bá ti mú olórí lọ ni wọ́n ti ń sọ ọmọkùnrin ní orúkọ náà. Bí wọ́n bá wá gbé ọmọbìnrin jáde lọ́jọ́ ìkómọ, tí wọ́n ní Kúmólú ló ń jẹ́, ẹni tó gbọ́ á kọ́kọ́ dákẹ́, á wá tẹ̀ sí etí ẹni tó jókòó tì í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀ nílé yìí?" Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn tí wọ́n fi ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ní Múṣin, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í pa á. Bí dánfó tó ń lọ sí Ojúẹlẹ́gba bá ṣàdédé dín owó ọkọ̀ kù, bí onílé bá ń rẹ́rìn-ín sí ayálégbé tó jẹ ẹ́ lówó ilé, wọ́n á ní ìdí wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwe náà ní ibi tó lè dé tí àwa tí à ń pa á kì í sábà gbé e dé. Bí gbogbo nǹkan bá nídìí, kí ni ìdí tí nǹkan fi wà rárá? Kì í ṣe ìdí tí Èkó fi wà, tàbí oòrùn, tàbí èèyàn. Kí ló dé tí kì í ṣe pé kò sí nǹkan kan, kò sí ilẹ̀, kò sí òfuurufú, kò sí òkùnkùn pàápàá? Gottfried Leibniz, amòye ará Jámánì, kọ ìbéèrè yìí sílẹ̀ ní 1714. Ohun tó fi ṣáájú rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láìnídìí. Baba tí kò gbọ́ Yorùbá rí ti pa òwe Kúmólú láìmọ̀. Ó ní ìbéèrè tó kàn ni ìdí tí nǹkan fi wà dípò kó má sí, nítorí pé àìsí rọrùn ju wíwà lọ.

Lóde òní, ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì ni ariwo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí jù, wọ́n sì ti rìn jìnnà. Wọ́n ní ayé àti ìràwọ̀ tí à ń wò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ láti inú ooru tó kọjá sísọ ní nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn. Nínú ooru yẹn, èròjà tó ń di nǹkan àti òdì rẹ̀ jọ ń jáde ni, bí méjèèjì bá sì pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò kù. Ká ní iye wọn dọ́gba ni, kì bá tí sí Yábàá, kì bá tí sí ẹni tí yóò béèrè ohunkóhun. Ìṣirò wọn ni pé bí òdì bá jẹ́ bílíọ̀nù kan, èròjà tiwa jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti ẹyọ kan. Ẹyọ kan tó lé yẹn ló di ìràwọ̀, òun ló di omi ọ̀sà, òun náà ló di ìwọ àti èmi.

Kí ló wá fa ẹyọ kan tó lé? Ní 1967, Andrei Sakharov, ará Rọ́ṣíà, to àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí irú rẹ̀ tó lè wáyé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ìwà èròjà àti ìwà òdì rẹ̀ kò gbọdọ̀ bára mu délẹ̀délẹ̀. Ní 2025, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva, kéde pé àwọn rí irú ìyàtọ̀ ìwà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú agbo èròjà tí proton àti neutron wà. Gbogbo ìyàtọ̀ tí ìmọ̀ wọn tíì ṣàlàyé kò tó láti bí ẹyọ kan yẹn, wọ́n sì ń wá a lọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ rí i lọ́la, ìdí tí a fi rí nǹkan yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n rí. Ìmọ́lẹ̀ náà, ṣé kì í ṣe nǹkan ni?

Àwọn kan wà tí wọ́n fo ìbéèrè yìí. Ní 2012, Lawrence Krauss, onímọ̀ físíìsì ní Amẹ́ríkà, ṣe ìwé kan tó fi sọ pé ayé lè jáde láti inú òfo. Òfo tó ń wí ni àyè tí kò sí èròjà kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí òfin físíìsì ń mú kí nǹkan máa yọ níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ tí amòye kan, David Albert, tí òun náà mọ físíìsì dunjú, fi dá a lóhùn pé òfo tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe òfo. Ará Sùúrùlérè ì bá ti bá a dá sí i. Ní 1955 ni LEDB, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn tó ń gbébẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Títí dòní, àwọn kan á ní igbó lásán ni ibẹ̀, inú òfo ni àdúgbò náà ti yọ. Òfo wo? Ilẹ̀ wà kí wọ́n tó dé, ìdílé tó ni ín wà, òfin tí ìjọba fi gba ilẹ̀ wà, àwọn tí wọ́n wó ilé mọ́ lórí wà, tẹkúntẹkún. Ẹ yọ gbogbo ìyẹn kúrò, kí ẹ wá wo Sùúrùlérè tí yóò yọ.

Ìtàn tiwa kò purọ́ òfo ní tirẹ̀. Nínú ìtàn ìṣẹ̀dá Ifẹ̀, omi ti wà nísàlẹ̀, ọ̀run ti wà lókè, Olódùmarè wà, àwọn òrìṣà wà. Ọbàtálá gba erùpẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín, ó gba adìẹ oníka márùn-ún tí yóò tan án ká. (Àwọn mìíràn ní Odùduwà ló parí iṣẹ́ náà, pé ẹmu ti gbé Ọbàtálá sùn lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká fi ìjà yẹn sílẹ̀ fún ará Ifẹ̀.) Agẹmọ ló lọ yẹ ilẹ̀ wò bóyá ó ti le. Bí ẹ bá béèrè ibi tí omi ti wá, ìtàn náà kò ní sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ní Àkọ́kà, tó sì papòdà ní 2018, jà fitafita pé ìjìnlẹ̀ èrò wà nínú irú ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu yìí. Ní 2014, ó gbé Ọ̀rúnmìlà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Socrates, amòye Gíríìkì àtijọ́, nínú ìwé kan. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò tí a kò bá jiyàn, oríkì lásán la sọ ọ́ dà.

Ẹ jẹ́ ká bá Kúmólú jiyàn, nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìdí tí ọkùnrin fi ń jẹ́ Kúmólú. Àṣà la ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tó yà kúrò nínú àṣà la ń wádìí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wíwà tó lè yani lẹ́nu, àfi kí àìsí jẹ́ àṣà. Ta ló ní àìsí ni àṣà? Leibniz ní ó rọrùn jù, àmọ́ orí òṣùwọ̀n wo ló gbé e lé? Bertrand Russell, amòye ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ ohun tó sún mọ́ èyí lórí rédíò BBC ní 1948, nígbà tí òun àti àlùfáà Frederick Copleston ń jiyàn: pé gbogbo èèyàn ló ní ìyá, ìyẹn ò sọ pé ìran èèyàn lápapọ̀ ní ìyá kan. Lójú tirẹ̀, ayé kàn wà ni. Ọ̀rọ̀ náà lágbára, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ká ní "ó kàn wà bẹ́ẹ̀" ni Sakharov sọ nípa ẹyọ kan tó lé, kò sí ohun tí wọn ì bá máa wá ní Geneva.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ní ìdáhùn tiwọn: Ọlọ́run dá gbogbo rẹ̀ láti inú àìsí, kò sì sẹ́ni tó dá Ọlọ́run. Ibẹ̀ ni Leibniz náà parí sí. Ìdáhùn tó ní làákàyè ni, ó ju bí àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ṣe rò lọ, torí ìwádìí ìdí gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ti nǹkan níbì kan. Àmọ́ ẹni tó bá ti gbà pé ohun kan wà tí kò nílò ìdí mìíràn lẹ́yìn ara rẹ̀ kò lè bínú sí Russell, tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa ayé.

Èrò tèmi ni pé ìbéèrè gidi ni, kò sì tíì sí ẹni tó dá a lóhùn. Gbogbo ẹni tó gbìyànjú ló ti mú nǹkan kan lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ omi, ìbáà jẹ́ òfin, ìbáà jẹ́ Ọlọ́run. Àwọn ọmọ wa mọ èyí ṣáájú wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá béèrè pé "Ta ló dá Ọlọ́run?" ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dijú, ìgbájú ló sì sábà máa ń gbà fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a mọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan wà ní Àkọ́kà tí wọ́n ti ń fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ gboyè. Ẹ jẹ́ kó máa béèrè títí yóò fi débẹ̀.