Ibà Pọ́njú: Ẹ Ka Èèyàn Kí Ẹ Tó Pín Abẹ́rẹ́

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ibà pọ́njú, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, ti kìlọ̀ fún wa: lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló tún yọjú ní Ìpínlẹ̀ Kwara lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a kò gbúròó rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ti tó èèyàn láyé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í kárí nígbà tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀.

Bó ṣe rí ní Kinshasa, olú ìlú Kóńgò, lọ́dún 2016 nìyẹn. Ibà náà ti jà ní Àǹgólà, ó ti wọ Kóńgò, abẹ́rẹ́ tí àgbáyé fi pamọ́ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn onímọ̀ ìṣirò bá jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ká ní abẹ́rẹ́ 100 ló wà nílẹ̀, tí èèyàn 100 gbà á ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́, a ò lè dáàbò bo ju 100 lọ. Bí a bá pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́nà márùn-ún, yóò kan 500. Kódà bó bá ṣiṣẹ́ lára ìdajì wọn péré, 250 nìyẹn. Lóṣù kẹjọ, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méje gba ìdá kan nínú márùn-ún yìí ní Kinshasa. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba Kóńgò kéde pé àjàkálẹ̀ náà ti parí.

Ṣùgbọ́n ohun tí a bá kọ sílẹ̀ nìkan ni ìṣirò ń rí lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, kí 80 nínú èèyàn 100 gba abẹ́rẹ́ yìí kí àjàkálẹ̀ má baà ráyè. Ta ló mọ iye wa, tí yóò fi mọ iye tó kù? Ọdún 2006 la ka ara wa kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti tó ìbò í dì. Bí a bá kó àfojúdá fún onímọ̀ ìṣirò, àfojúdá ni yóò dá padà fún wa.

Lójú tiwa, kí ìjọba àpapọ̀ yé sún ètò ìkànìyàn síwájú. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn gómìnà fi owó ti àwọn onímọ̀ ìṣirò tó wà ní yunifásítì wa lẹ́yìn kí àrùn tó dé. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má sọ káàdì àjẹsára ọmọ yín nù: ara ohun tí wọn yóò fi ṣírò nìyẹn.