Ẹ Má Ta Etí Àwọn Ìyá

Ojú ewé tí ń kọ́ òbí ní ìtọ́jú ọmọ kò gbọdọ̀ gba ìpolówó lọ́wọ́ àwọn tí ń ta adìẹ díndín, mítípáì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Mo mọ̀ pé ẹ óò bi mí pé, “Ta ni yóò wá san owó ìtẹ̀wé?” Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ìyá ọmọ ni oníṣòwò náà ń fi owó rẹ̀ rà.

A ti rí irú èyí rí. Àwọn tí ń ta mílíìkì ọmọ ọwọ́ a máa wọ aṣọ bíi ti nọ́ọ̀sì fún àwọn obìnrin tí ń bá wọn polówó. Ìyá gbà wọ́n gbọ́ nítorí aṣọ funfun. Omi àìmọ́ ni ọ̀pọ̀ fi po mílíìkì náà, ìgbẹ́ gbuuru sì bá ọmọ jà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, orílẹ̀-èdè 118 fọwọ́ sí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó tako irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà nìkan ni ó dìbò lòdì sí i. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ lé e lórí ní 1990. Ojú ewé ìtọ́jú ọmọ ni aṣọ funfun ti òde òní.

Níhìn-ín ní Port Harcourt, ẹni tí ń yan bọ̀ọ̀lì àti ẹja lẹ́bàá títì kò ní owó ìpolówó. (Oúnjẹ tirẹ̀ sì dùn jù, mo jẹ́rìí sí i.) Ṣé ẹni tí ó lówó nìkan ni yóò máa sọ ohun tí ọmọ yóò jẹ fún ìyá ni? Kí wọ́n gbé pátákó wọn sí títì Aba, n kò bá wọn jà. Àwọn aránṣọ ọmọdé àti àwọn tí ń ta ìwé kíkà náà ń wá oníbàárà. Ẹ̀yin olóòtú, ẹ lọ bá wọn.