Ẹ̀ṣọ́ Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Ìjánu Rẹ̀

Bí ẹ̀gún bá gún ọmọ yín lẹ́sẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ojú ibẹ̀ lè ti wú, kí ó pọ́n, kí ó sì máa gbóná. Ìyá ọmọ a wí pé, “Ẹ̀gún yìí mà burú o!” Òtítọ́ ni pé ẹ̀gún ni ó dá ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n wíwú náà kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ara ọmọ tìkára rẹ̀ ni ó gbé ogun dìde sí àwọn kòkòrò àìrí tí ó bá ẹ̀gún wọlé. Nínú àwọn ọmọ ogun náà, ẹgbẹ́ kan wà tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, nítorí pé a máa gba ilé là, a sì máa wó ilé kan náà nígbà tí kò bá ní ìjánu.

Ní ọdún 1895, Jules Bordet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Pasteur ní ìlú Paris. Ó mú omi tí í ṣẹ́kù nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì, láti ara ẹran tí a ti kọ́ ara rẹ̀ láti bá kòkòrò àrùn onígbáméjì jà. Omi yìí a máa pa kòkòrò náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú un gbóná dé ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius, agbára rẹ̀ pin. Bordet sì bu omi ẹ̀jẹ̀ titun díẹ̀ láti ara ẹran mìíràn tí kò mọ àrùn náà rí, ó dà á mọ́ ti àkọ́kọ́, agbára náà sì padà. Nípa èyí ni a fi mọ̀ pé ohun méjì ni ó ń jà. Èkíní, tí ooru yẹn kò lè bà jẹ́, ni ó mọ ojú ọ̀tá. Èkejì, tí ooru a máa tètè bà jẹ́, ni ó ń parí iṣẹ́, ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ṣáájú kí àrùn tó dé rárá. Paul Ehrlich, ará Jámánì, ni ó sọ èkejì yìí ní kọ́mpílímẹ́ńtì, èyíinì ni ohun tí ó mú nǹkan pé. Bordet sì gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1919.

Lónìí a mọ̀ pé kọ́mpílímẹ́ńtì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó ju oríṣi èròjà 30 lọ, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn. Wọn a máa rìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni tí ń tòògbé. Bí ọ̀tá bá dé, ọ̀kan a jí èkejì, èkejì a jí ẹ̀kẹta. Àwọn kan a lẹ̀ mọ́ kòkòrò náà lára bí àmì, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun lè rí i gbé mì. Àwọn mìíràn a ké sí àwọn ọmọ ogun, wọn a sì mú kí ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ lanu kí omi lè jò jáde. Ibẹ̀ ni wíwú ti í wá. Àwọn ìkẹyìn a para pọ̀, wọn a dá ihò sí kòkòrò náà lára títí yóò fi bẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.

Àwọn ènìyàn kan wà tí a bí láìní ọ̀kan nínú àwọn tí í dá ihò yìí. Ara wọn lè dá ṣáká, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tí í fa àrùn yírùnyírùn lè mú wọn lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì tún padà wá. A kò gbàgbé ohun tí kòkòrò náà ṣe ní òkè Ọya ní ọdún 1996, nígbà tí ó pa ju 10,000 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, bí àrùn yìí bá mú ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí òbí bẹ dókítà pé kí ó yẹ kọ́mpílímẹ́ńtì rẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a yí ojú kejì ọ̀rọ̀ náà wò. Idà yìí kò ní ojú tí ó fi lè mọ ọmọ ilé. Nítorí náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa ṣe gbé asà wọ̀, kí ó má baà gé wọn. Àrùn kan wà tí ó ṣọ̀wọ́n, nínú èyí tí mùdùnmúdùn egungun ń ṣe sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò ní asà. Kọ́mpílímẹ́ńtì a sì máa fọ́ wọn. Ìtọ̀ aláìsàn lè dúdú bí tíì líle ní òwúrọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a dínkù, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ní ọdún 2007, ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí oògùn kan fún àrùn náà, eculizumab ni orúkọ rẹ̀. A máa di ẹ̀karùn-ún nínú àwọn èròjà náà lọ́wọ́, kí wọn má baà lè dá ihò mọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń yè, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò yírùnyírùn tí a sọ lókè! Nítorí náà ni a ṣe ń gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣáájú oògùn náà, tí a sì ń kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi ibà kankan ṣeré.

Ẹ̀kọ́ tí a rí fà yọ nìyí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá oògùn tí yóò fi agbára kún agbára ara. Ṣùgbọ́n agbára nìkan kọ́ ni ara ń fẹ́. Ìwọ̀n ni ó ń fẹ́. Bí ibà bá dé pẹ̀lú ọrùn líle, èébì, tàbí kí ìmọ́lẹ̀ máa ro aláìsàn lójú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀la. Bí ìtọ̀ bá dúdú ní òwúrọ̀, ẹ má pa á mọ́ra. Bí a bá sì pe àwọn ọmọ fún àjẹsára yírùnyírùn ní àdúgbò yín, ẹ má fà sẹ́yìn, nítorí abẹ́rẹ́ náà ni ó ń fi ojú ọ̀tá han ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ tó kọlù ú.