Ọkọ̀ Ìrìnàjò Kì í Ṣe Ọkọ̀ Eré Ìje: Kabúrétọ̀ Kan Tó fún Ìjàpá

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀mí náà ni.

Volkswagen Beetle, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ìjàpá, ló wà nílé wa. Ẹ́ńjìnnì 1600 ló ní. Tí Kérésì bá ti dé, òun là ń wọ̀ láti Ìbàdàn, a ó gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí. Kabúrétọ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, a gbọ́dọ̀ ra òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ra ńlá méjì, irú Weber tí àwọn eléré ìje ń lò. Bàbá wa ní ẹyọ kan, irú èyí tó bá ọkọ̀ wá, ti tó. Ẹ̀yìn bàbá ni mo wà, kì í sì í ṣe torí pé àwọn ló ń fún mi lówó ọkọ̀ wá sílé-ìwé o!

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí kabúrétọ̀ ń ṣe. Ó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà tóóró kan wà nínú rẹ̀; bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń sáré gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fa epo jáde. Kí gíráàmù epo 1 tó jó tán pátápátá, ó nílò afẹ́fẹ́ tó tó gíráàmù 14.7. Tí epo bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú, owó á sì máa jó. Tí epo bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná. Ìjàpá ò sì ní omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ o, afẹ́fẹ́ ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìdí mi àkọ́kọ́ ni pé ìwọ̀n ló yẹ ká wò, kì í ṣe ńlá. Solex 34 PICT-3 ni wọ́n ṣe fún irú ẹ́ńjìnnì wa. 34 yẹn ni fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ ní mìlímítà. Ọ̀nà tóóró inú rẹ̀ jẹ́ 26. Tí ihò bá fẹ̀ ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè mí lọ, afẹ́fẹ́ á máa rìn gẹ̀rẹ̀, kò ní lè fa epo dáadáa tí a bá ń rọra lọ. Àwa tí a kó ẹrù àti èèyàn márùn-ún, ṣé eré là fẹ́ sá ni?

Ìkejì, ẹ ro ti ojú ọ̀nà. Tí kabúrétọ̀ bá jẹ́ méjì, a gbọ́dọ̀ tún wọn ṣe kí wọ́n máa ṣí pọ̀, kí wọ́n sì máa fa afẹ́fẹ́ dọ́gba. Tí irin tó so wọ́n pọ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, apá kan ẹ́ńjìnnì á máa ṣe iṣẹ́ ju ìkejì lọ. Ẹyọ kan ò ní wàhálà yẹn. Tí epo inú jẹ́ríkàn bá dọ̀tí tó sì dí jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mẹkáníìkì abúlé á tú u, á fọ̀ ọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, ẹ ó sì máa lọ. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní Èkó. Àwọn àgbà mẹkáníìkì mọ Ìjàpá bí ẹni mowó.

Ẹ̀gbọ́n mi á ní kabúrétọ̀ méjì máa ń pín epo dọ́gba, ọkọ̀ sì ń gun òkè dáadáa. Òótọ́ ni, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nítòsí ibi tó ń fún lépo. Ká ní a ti fẹ ẹ́ńjìnnì wa lójú ni, èmi náà á gbè é. Àmọ́ a ò fọwọ́ kàn án. Owó tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ra táyà, ká sì fi tún bíréèkì ṣe. Ọkọ̀ tó yára tí kò lè dúró, kí la fẹ́ fi ṣe?

Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní Ládipọ̀ tàbí ní Aráròmí, kó fọwọ́ mi irin tó ń ṣí ẹnu rẹ̀ wò. Tó bá ń mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, kó dá a padà: atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé. Tí ọkọ̀ bá sì ń lọ́ra nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹ wo distributor. Tó bá jẹ́ 009 ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ń dá a dúró, ẹ má tíì bú kabúrétọ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ rọ́bà epo tó ti gbó, kẹ́ ẹ sì fi kílíìpù dè é dáadáa. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà. Tí epo bá ń jò sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná lè sọ kí awakọ̀ tó mọ̀. Àwọn àbúrò wa ló ń jókòó lẹ́yìn yẹn o.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ìrìn tí ọkọ̀ yín ń rìn kẹ́ ẹ tó ra kabúrétọ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá ní èrò mìíràn, ẹ kọ ọ́ wá fún ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí. Mo ń retí yín, títí kan ẹ̀gbọ́n mi ní SS3.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2