Mọ́sálásí Tí Bàbá Kọ́, Tí Ọmọ Ń Wó

 

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn oníwàásù kan, láti Ìgbọ̀nà dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti Òṣogbo títí dé Iléṣà. Wọn a ní ẹ̀sìn àwọn òyìnbó ti kú ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọn a ní ojoojúmọ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì ń di mọ́sálásí lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti sọ èyí tán, àwọn ọ̀dọ́ a ké Allāhu Akbar, oníkálùkù a sì lọ sílé pẹ̀lú ìdùnnú bí ẹni pé òun ni ó jagun tí ó sì ṣẹ́. Ìdùnnú òfìfo ni. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ilé ìjọsìn wọ̀nyẹn, ẹ̀rù ni yóò bà á.

Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti ń kírun nínú gáréèjì ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ra ṣọ́ọ̀ṣì Kapernaum ní ọdún 2012, wọ́n sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí Mọ́sálásí Al-Nour ní ọdún 2018. Ní Amsterdam, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan ní òpópó Rozengracht kọ́kọ́ di ibi ìtajà kápẹ́ẹ̀tì, kí ó tó di Mọ́sálásí Fatih ní ọdún 1981. Èyí tí ó wà ní Brick Lane ní London ni ó tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Àwọn ará Faransé tí wọ́n sá fún inúnibíni ẹ̀sìn ni wọ́n kọ́ ọ ní ọdún 1743. Ó di ti àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní 1819, ó di ilé ìjọsìn àwọn Júù ní 1898, ó sì di mọ́sálásí ní 1976. Ògiri kan náà ni, ẹni tí ó ń wọlé ni ó ń yí padà.

Ṣùgbọ́n ta ni ó lé àwọn Kristẹni jáde kúrò nínú ilé wọn? Kì í ṣe Mùsùlùmí. Kò sí ọmọ ogun kankan tí ó yọ idà sí wọn. Àwọn ọmọ wọn ni wọ́n kọ̀ tí wọn kò wá mọ́. Bàbá kú, ọmọ kò jókòó sí àga bàbá, ilé sì dá wáí. Kì í sì í ṣe mọ́sálásí nìkan ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ń dà. Ní Maastricht ní ilẹ̀ Netherlands, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí àwọn ọmọ ìjọ Dominic kọ́ láti bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn ni ó di ilé ìtàwé ní ọdún 2006. Àwọn mìíràn di ilé ọtí, àwọn mìíràn di ilé gbígbé. Kí wá ni Mùsùlùmí ń yọ̀ sí?

Ohun kan tún wà tí àwọn oníwàásù náà kì í sọ. Àwọn òyìnbó tí wọn kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ kò jẹ́ kí a wó ilé náà bẹ́ẹ̀ ṣáá. Òfin ni ó ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn Mùsùlùmí Hamburg tún inú ilé ṣe fún ìrun, ṣùgbọ́n òfin ilé àtijọ́ kò jẹ́ kí wọ́n yí ìrísí ìta rẹ̀ padà bó ṣe wù wọ́n. Ilé ìṣọ́ gíga rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní. Lọ́hùn-ún, ilé ṣófo, wọn kò sì wó o. Níhìn-ín, ènìyàn kún inú ilé fọ́fọ́ ní wákàtí márààrún, wọ́n sì ń wó o.

Bí ẹnìkan bá rò pé irú òfo bẹ́ẹ̀ kò lè bá mọ́sálásí, kí ó gbọ́ ìtàn Liverpool. Abdullah Quilliam, agbẹjọ́rò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba Ìsìláàmù ní ọdún 1887. Ọjọ́ 25 oṣù December, ọdún 1889, ni ó ṣí ilé kan ní Brougham Terrace fún ìrun, ó sì bọ́ àwọn ọmọ tálákà ìlú náà ní ọjọ́ yẹn. Orúkọ ọkùnrin yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, tàbí kò yẹ kí ó jẹ́ àjèjì. Nígbà tí Mohammed Shitta, oníṣòwò tí a bí ní Sierra Leone, kọ́ mọ́sálásí rẹ̀ parí ní Èkó, Quilliam ni ó wá ṣojú Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì níbi ìṣílé ní ọjọ́ 4 oṣù July, ọdún 1894. Gómìnà Carter wà níbẹ̀, Edward Blyden wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá, tí ó fi di Shitta-Bey títí di òní.

Ilé méjì ni èyí, ọkùnrin kan náà ni ó sì wọ inú méjèèjì. Ní ọdún 1908, Quilliam fi Liverpool sílẹ̀. Àwọn ìjọ rẹ̀ tú ká bí ẹyẹ tí a sọ òkò sí. Ilé náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba ìlú, ó sì di ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, ti ìyàwó àti ti òkú sínú ìwé. Ibi tí a ti ń forí kanlẹ̀ fún Ọba Adẹ́dàá, ibẹ̀ ni akọ̀wé ti ń bèèrè ọjọ́ tí olóògbé kú. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó tún di ilé ìrun, ní ọdún 2014, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ kan tí ó ń jẹ́ orúkọ Abdullah Quilliam ti ṣe làálàá owó àti àtúnṣe. Bí wọ́n bá ti wó ilé náà ní ọdún 1908, kí ni ẹgbẹ́ yẹn ìbá padà sí?

Mọ́sálásí Shitta-Bey ní tirẹ̀ kò dákẹ́ ìrun láti ọdún 1894, ìjọba àpapọ̀ sì kà á mọ́ àwọn ohun ìtàn ilẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2013. João da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil bọ̀, ni ó darí iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ọwọ́ irú wọn kan náà ni ojú Mọ́sálásí Ńlá ìlú Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ṣùgbọ́n Mọ́sálásí Gbogboogbò Èkó tí a ṣí ní ọdún 1913, tí òun náà ní ọnà Àgùdà lára, kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Wọ́n wó o, òmíràn sì rọ́pò rẹ̀ tí a ṣí ní ọdún 1988. Titun náà tóbi, ó sì lẹ́wà, kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Àmọ́ ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún lónìí kò lè rí ti àkọ́kọ́ àfi nínú fọ́tò.

Èkó tilẹ̀ sàn, fọ́tò wà. Ti Òṣogbo ńkọ́? Ní Ìgbọ̀nà àti ní àwọn àdúgbò tí ó yí i ká, mọ́sálásí ràtíbì tí àwọn bàbá fi amọ̀ kọ́ ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìsí ẹni tí ó ké gbàjarè. Ilé kéréje ni wọ́n, ògiri wọn nípọn, inú wọn tutù lọ́sàn-án gangan. Bútà àlùwàlá wà lẹ́nu ọ̀nà, wàláà àwọn ọmọ kéú wà ní ìgun ògiri, awọ àgbò lèmọ́mù wà níwájú. Lọ́jọ́ kan ọlọ́lá kan yóò ti Èkó tàbí ìlú òyìnbó dé. Yóò kírun Jímọ̀, ojú yóò tì í pé ilé Ọlọ́hun àdúgbò rẹ̀ kò rí bí ilé tirẹ̀. Kátápílà yóò dé ní ọjọ́ Sátidé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, búlọ́ọ̀kù ti gòkè, táìlì ti délẹ̀, òkúta dídán tí a kọ orúkọ ọlọ́lá náà sí ti wà lára ògiri. Orúkọ ẹni tí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní kò sí níbì kankan. Ànábì ti sọ tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Abu Dawud ti gbà á wá, pé ara àmì ìkẹyìn ayé ni kí àwọn ènìyàn máa fi mọ́sálásí yangàn sí ara wọn.

Òmíràn tún burú ju ti ọlọ́lá lọ. Nítorí pé ọjà súnmọ́ ibẹ̀, ìgbìmọ̀ a rí i pé iwájú mọ́sálásí lè gba ṣọ́ọ̀bù. Wọn a gé ilẹ̀ ìrun kù, wọn a fi èyí tí ó kù ya sí ìsọ̀, owó rẹ́ǹtì a sì di ìjà láàárín àwọn àgbààgbà. Mázíhábì Málíkì tí àwọn àfáà ilẹ̀ yìí ń tẹ̀lé le gan-an lórí ọ̀rọ̀ wákàfù: ilẹ̀ tí a bá ti fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun kì í ṣe ohun títà, bí ilé orí rẹ̀ tilẹ̀ di òkìtì. Ìgbìmọ̀ wo ni ó bi àfáà léèrè kí ó tó pe bíríkìlà?

Àwọn kan wà nínú àwọn ọ̀dọ́ alátùn-únṣe fúnra wọn tí wọn yóò dáhùn pé fífẹ́ràn ilé àtijọ́ sún mọ́ ìbọ̀rìṣà. Wọn a tọ́ka sí Umar ọmọ Khattab, tí a gbà á wá pé ó gé igi tí àwọn ènìyàn ń wá ìbùkún lábẹ́ rẹ̀ ní Hudaibiyya. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ibi tí kò yẹ ni wọ́n lò ó sí. Igi náà kì í ṣe ilé ìrun. Ohun tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ rẹ̀ ni Umar bínú sí. Nígbà tí ó kan mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà, Umar kan náà fẹ̀ ẹ́ lójú, ó sì lo bíríkì amọ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ bí Ànábì ti lò ó. Inú Bukhari ni èyí wà, láti ẹnu ọmọ Umar. Uthman ni ó fi òkúta gbígbẹ́ sí i, nítorí pé èrò ti pọ̀, kì í ṣe nítorí àtikọ orúkọ sára ògiri.

Wọn a tún ní ilẹ̀ Sáúdì ń wó ohun àtijọ́. Ó wó o lóòótọ́. Ní ọdún 2002 ni wọ́n wó odi Ajyad tí àwọn ará Tọ́kì kọ́ sí Mẹ́kà. Kí ni wọ́n kọ́ rọ́pò rẹ̀? Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìtajà tí ó ga dé sánmà. Ṣé ìyẹn ni ogun tí a ń bá ṣìríkì jà? Kí wọ́n tún wo Diriyah, níbi tí ìpè Muhammad ọmọ Abdul-Wahhab ti rí ààbò. Ilé amọ̀ ni àwọn ilé Turaif níbẹ̀. Ìjọba Sáúdì kò wó wọn, ó ná owó lé wọn lórí, ó sì mú wọn tọ àjọ UNESCO lọ, tí ó fi orúkọ wọn sínú ìwé ní ọdún 2010. Ní Djenné ní ilẹ̀ Mali, lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú ń gun ògiri mọ́sálásí amọ̀ wọn láti tún un rẹ́. Kò sí ẹni tí ó ń bọ ògiri náà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo sì wo ẹ̀yìnkùlé wọn. Igbó Ọ̀ṣun ti ń wó lọ ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960 kí Susanne Wenger, obìnrin ará Austria, tó kó àwọn oníṣọ̀nà ìlú jọ láti gbà á là. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ́ Kasali, wọ́n ń jẹ́ Buraimoh, orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ti Mùsùlùmí. UNESCO gba igbó náà wọlé ní ọdún 2005. Mùsùlùmí kò ní ohun tí yóò bọ níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jowú òrìṣà. Àmọ́ ìtìjú ni pé ọwọ́ ọmọ Mùsùlùmí tún ojúbọ kọ́, tí ọwọ́ ọmọ Mùsùlùmí mìíràn sì ń wó mọ́sálásí bàbá rẹ̀. Nínú Suratul-Hajj, āyà 40, Ọlọ́hun ka ilé ìjọsìn àwọn ẹlẹ́sìn pọ̀ mọ́ mọ́sálásí, Ó sì fi hàn pé wíwó wọn jẹ́ ibi tí Òun ń fi ọwọ́ àwọn kan dá ọwọ́ àwọn mìíràn dúró lórí rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó sọ pé kí a kírun lábẹ́ ògiri tí yóò wó pa ènìyàn. Èyí tí ó bá ti sán, kí a wó o. Èyí tí èrò bá kún jù, bí ilẹ̀ bá wà, kí a kọ́ titun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àtijọ́ di ilé kéú, tàbí ibi ìrun àwọn obìnrin, tàbí ibi tí ọmọ ilé ìwé ti lè jókòó ka ìwé lálẹ́. Ọlọ́lá tí ó fẹ́ láádá lè fi idamẹ́wàá owó táìlì rẹ̀ paarọ̀ páànù tí ó ń jò.

Kátápílà kò gbọdọ̀ wọ àdúgbò kankan kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ tó ya fọ́tò mọ́sálásí náà, nínú àti lóde, kí wọ́n wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo lèmọ́mù tí ó ti ṣíwájú ìrun níbẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé tí ìdílé rẹ̀ àti ìgbìmọ̀ jọ fọwọ́ sí. Àwọn àgbà tí wọ́n ru omi fún amọ̀ ògiri wọ̀nyẹn nígbà èwe wọn kò pọ̀ mọ́ ní Ìgbọ̀nà. Ẹ̀yìn ìrun Àsárì ni wọ́n máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni kí a ti lọ bi wọ́n.